Nítorí Ọ̀rọ̀ Tí Kò Lófin Ni Wọ́n Ṣe Nà Mí

Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọ̀sán Ọjọ́rú.

Sìdíkátù Àdùkẹ́ mi,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Bí o kò bá tíì ra àga sí yàrá tuntun tí o gbà ní Òkè-Àdó, jókòó sórí àpótí aṣọ rẹ. Kò sí ẹni tó kú. Ara mi le, ìyá rẹ wà láàyè ó ń pariwo, iná ìléru mi ń jó. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn nítorí mo mọ̀ ọ́, àyà rẹ á ti máa já láti ìgbà tí o ti rí i pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ̀wé.

Ìyá rẹ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé láti ọjọ́ Àìkú tí o ti kúrò nílé lo ti ń pè é, tí o ń sunkún sí i létí. Ó ní o sọ pé, "Ìyá mi, kí ni mo fi ṣẹ Bàbá? Mo ní mo ríṣẹ́ tíṣà, mo kúnlẹ̀ kí wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n kàn ń wò mí ni. Ọjọ́ Ajé ni mo máa wọṣẹ́. Ṣé báyìí ni màá ṣe lọ, láìsí àdúrà bàbá mi lórí mi?" Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló wá dúró lé mi lórí níbi tí mo ti ń yọ́ irin, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Alájì, ọmọ yín ń sunkún o. Kí ló dé tí ẹ ò ṣàdúrà fún un?"

Mo ní, "Ìyàlẹ́nu ló dí mi lẹ́nu."

Ó ní, "Ìyàlẹ́nu wo ló ń díni lẹ́nu láti ọjọ́ Àìkú di ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

Àdùkẹ́, o ò ṣẹ̀ mí rárá. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù kí n sọ bẹ́ẹ̀, fóònù tèmi sì tóbi ju tìrẹ lọ. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, o máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu: "Bàbá, mo ti gbọ́, Bàbá, ó ti yé mi," nígbà tí n kò tíì sọ ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Ìwé kò ṣeé gbà mọ́ni lẹ́nu. N kò sì pe ẹnì kankan kó wá bá mi kọ ọ́, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn ìyá rẹ, ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èmi Súlè Àlàó, tí kò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹta, ọwọ́ tí mo fi ń da ìkòkò irin tí wọ́n fi ń sebẹ̀ láti Ọjà'ba títí dé Yemẹtu ni mo fi ń kọ èyí. Bí lẹ́tà bá wọ́, kó wọ́. Ìkòkò mi kì í wọ́.

Jẹ́ kí n sọ ọjọ́ Àìkú yẹn fún ọ bó ṣe rí lójú tèmi.

O wọlé, o kúnlẹ̀, o ní iléèwé aládàáni kan ti gbà ọ́, pé gẹ̀ẹ́sì ni o máa kọ́ àwọn ọmọ. Inú mi dùn débi pé mo ké pe gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. "Ẹ sọ irin sílẹ̀, ẹ wá wo tíṣà! Èyí tó ti ara mi jáde ni yóò máa kọ́ ọmọ àwọn olówó ní gẹ̀ẹ́sì!" Ọ̀kan nínú wọn ní, "Alájì, ẹ jẹ́ kó kúkú bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹnu lásán ni, o ò lè mọ̀.

O wá tú ìwé gbàǹgbà kan sórí ẹní, èyí tí o fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì. Ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì tò sí i lára ní ọ̀wọ́ mẹ́ta. Mo ní kí o kà á sí mi létí. O bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin kà á bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe ń kà á: "Go, went, gone. Come, came, come. Buy, bought, bought." Àdùkẹ́, irun ara mi dìde. Orin kan náà ni! Wọn ò yí ohùn rẹ̀ padà láti ìgbà tí mo ti wà nínú ṣòkòtò pénpé.

Ni mo bá bi ọ́ ní ìbéèrè kan tó ti há mi lọ́nà ọ̀fun láti kékeré. Mo ní, "Àdùkẹ́, bí ‘go’ bá di ti àná, kí ló dé tó fi ń di ‘went’? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà?"

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Bàbá, kò sídìí ẹ̀ o."

"Kò sídìí ẹ̀ báwo?"

"Kò lófin ni. Èèyàn kàn máa há a sórí bẹ́ẹ̀ ni. ‘Irregular’ ni wọ́n ń pe irú wọn."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Aláìlófin, Bàbá. Àwọn tí kì í tọ ọ̀nà tí àwọn yòókù ń tọ̀."

Mo ní, "Dúró ná. Òyìnbó fúnra rẹ̀ mọ̀ pé wọn ò lófin?"

O ní, "Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun náà ló kúkú sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀."

Háà! Bí ẹ̀kán omi bá bọ́ sínú irin tó ti yọ́, o mọ bó ṣe máa ń bú gbàù, tí gbogbo wa á sá. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bú nínú mi nìyẹn. O ò rí i, torí ìwé gbàǹgbà lo ń wò. O tún wá fi kún un. O ní, "Àwọn ọmọ òyìnbó gan-an, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ, ‘goed’ ni wọ́n máa ń sọ."

Ohùn mi ti ń lọ sílẹ̀ nígbà yẹn. Mo ní, "Ta ló ń nà wọ́n?"

"Ká nà wọ́n kẹ̀? Ìyá wọn á kàn tún un pè fún wọn, wọ́n á sì máa bá eré wọn lọ."

Wọ́n á sì máa bá eré wọn lọ! Mo gbọ́ èyí kí n tó kú!

Ibi tí mo wà nìyẹn, tí mò ń wá ẹnu mi, tí o fi ki ọwọ́ sínú báàgì, tí o fa pàṣán yọ. Pàṣán tuntun, ó ń dán. O ní gbogbo tíṣà tuntun ni iléèwé yín ń fún ní ọ̀kan, pé gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ọmọ máa ń dìde ka irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ẹni tó bá ṣì í á na ọwọ́. O fi pàṣán náà na afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dún "fíín!" O tún rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ gbé oúnjẹ dé, n kò lè fọwọ́ kàn án. O kúnlẹ̀, o ní, "Bàbá, mò ń lọ o, ẹ wúre fún mi." Mo la ẹnu, Àdùkẹ́. Ọlọ́run mọ̀ pé mo la ẹnu. Dídún pàṣán yẹn nìkan ló wà ní etí mi. O dúró lórí eékún títí, o dìde, o lọ. Ojú rẹ dà rú débi pé o gbàgbé pàṣán náà sórí ẹní.

Ó dáa. Gbọ́ ohun tí n kò sọ fún ìwọ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ rí, tí ìyá rẹ pàápàá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ lánàá.

O mọ̀ pé ìdí iná ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń da ìkòkò, bàbá tirẹ̀ náà ń dà á. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé ni pé bí o bá ti rí mọ́ọ̀dù kan, gbogbo ìkòkò tó bá tinú rẹ̀ jáde á jọra. O kò ní í tún ronú mọ́. Ṣáà máa da irin sí i. Nígbà tí wọ́n fi mí síléèwé, tíṣà wa kọ́ wa pé "walk" di "walked", "talk" di "talked", "cook" di "cooked". Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo pátákó, mo ní nínú ara mi pé, háà, mọ́ọ̀dù rèé! Gẹ̀ẹ́sì náà ní mọ́ọ̀dù! Inú mi dùn, Àdùkẹ́. Àwọn ọmọ yòókù ń há tiwọn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà nílẹ̀. Èmi ti mú mọ́ọ̀dù. Mo da gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀ sínú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, láti Bẹẹrẹ dé ilé. Buyed. Comed. Eated. Mo ń sọ ọ́ sókè lójú títì.

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà ní, "Ta ló lè sọ ‘go’ di ti àná?" Kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́, mo ti dìde. Mo yọ àyà síta. Mo ní, "Goed!"

Ó ní, "Kí lo wí?"

Mo rò pé kò gbọ́ ni. Mo gba èémí sínú, mo ké e: "GOED, SÀ!"

Àwọn iléèwé yòókù lórí òkè Mápó á ti gbọ́ ọ. Tíṣà ní, "Ẹ gbé e!" O ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò bá a láyé. Àwọn ọmọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ á di ọmọ mú lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n á nà án tàntàn lófuurufú bí awọ tí wọ́n fẹ́ sá, tíṣà á wá máa fi pàṣán kọrin sí i lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ló dé tí kì í ṣe ‘goed’?" N kò béèrè fún àfojúdi. Mo fẹ́ mọ ibi tí mọ́ọ̀dù mi ti sán ni.

Ó ní, "Nítorí pé orí ìkòkò lo gbé sọ́rùn."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Súlè kú, Orí Ìkòkò ló kù. N kò padà síléèwé mọ́. Mo máa ń kúrò nílé láàárọ̀, màá lọ jókòó sí àtẹ̀gùn Mápó, màá máa wo òrùlé páànù tó pupa lọ rẹrẹ nísàlẹ̀ mi, títí wọ́n á fi jáde iléèwé. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, mo sọ fún un pé kò sí ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ tí n kò mọ̀. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn: mo fi ìgbéraga bo ojú egbò.

Ìgbéraga náà ṣe mí lóore o, n kò ní purọ́. Mo fi ìbínú ṣiṣẹ́. Mo fi ìbínú kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí, mo fi ìbínú lọ Mẹ́kà, mo fi ìbínú rán ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ níléèwé títí ẹ fi rí ìparí rẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tó fi ọwọ́ gbé mi lọ́jọ́ yẹn, kò sí èyí tó kọ́ irú ilé mi. Bí ìkòkò mi bá wọ ilé, ìyàwó ilé á darúgbó kí ìkòkò tó darúgbó. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà yẹn, títí di ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbà pé ìdí kan wà tí "go" fi ń di "went". Mo gbà pé gbogbo ayé mọ ìdí náà, pé orí tèmi nìkan ni kò lè gbà á. Bí mo bá rí akọ̀wé tó ń kọjá ní Ọjà'ba, màá ní nínú mi pé, eléyìí mọ̀ ọ́n. Àṣé kò mọ̀ ọ́n! Àṣé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n! Àṣé kò sí ohun tí wọn yóò mọ̀! Nítorí ọ̀rọ̀ tí kò lófin ni wọ́n ṣe nà mí, tí wọ́n fi sọ mí lórúkọ, ẹ̀yin tí ẹ kàwé sì ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí, kò sí ẹni tó sọ fún mi!

Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ lánàá. Ó ní, "Alájì, ṣé torí ìyẹn lẹ ṣe máa ń pa tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n bá ti ń sọ gẹ̀ẹ́sì?" Mo ní kó lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Ẹ̀rù kì í bà mí láti gba ọmọ mi nímọ̀ràn, bó ti wù kó kàwé tó. Fi etí sílẹ̀.

Èkíní. Ya ohun tó lófin sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò lófin. Iṣẹ́ irin lófin. Bí yanrìn tí a fi ṣe mọ́ọ̀dù bá tutù jù, ìkòkò á lu ihò. Ẹni tí mo ti kọ́ lófin yẹn, tó wá ń ṣe imẹ́lẹ́, màá bá a wí, kò sì ní bínú, torí ó mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò lófin, kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi làákàyè dé ibẹ̀. Àfi kí wọ́n sọ fún un. Bó bá gbàgbé, kí wọ́n tún un sọ. Ṣé o ń nà mí pé n kò mọ orúkọ onílé rẹ ní Òkè-Àdó? Sọ fún mi, màá mọ̀ ọ́n. Èdè tiwa, "lọ" ni lánàá, "lọ" ni lónìí, "lọ" ni lọ́la. Ẹni tó ti inú irú èdè bẹ́ẹ̀ wá, tó bá ìṣòro níwájú "went", kò ya òmùgọ̀. Àlejò ni.

Èkejì. Bí ọmọ bá ṣì í, má wo àṣìṣe náà nìkan, bi í léèrè ọ̀nà tó gbà débẹ̀. O mọ Lásísì tó ń da ìkòkò ní Bẹẹrẹ báyìí, tí ń fi mọ́tò kó ọjà. Ọmọ iṣẹ́ mi ni nígbà tí o ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ. Gbogbo ìkòkò tó bá dà, etí kan á nípọn, ìkejì á fẹ́lẹ́. Mo bú u títí, mo nà án. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí wọ́n nà, mo na ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá rẹ ló dúró lọ́jọ́ kan tó ní, "Ẹ̀yin ò wò ó bó ṣe ń dà á ni?" Mo wò ó. Ọlọ́wọ́ òsì ni! Wọ́n ti nà án nílé pé kò gbọdọ̀ fi òsì ṣe nǹkan, ó wá ń fi ọ̀tún gbé irin gbígbóná ní iwájú mi, ọ̀tún náà ń gbọ̀n. Mo gbé ìdúró rẹ̀ sí apá kejì ìléru, mo ní, "Fi ọwọ́ tí Ọlọ́run fún ọ dà á." Ìkòkò tó dà lọ́jọ́ yẹn, èmi ọ̀gá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jowú. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi òsì fà á mọ́ra. Èmi fi kún un pé ká kọ́kọ́ wo èwo ni ọ̀tún ọmọ náà.

Ọmọ tó bá sọ pé "goed", Àdùkẹ́, ó ti ronú. Ó ti rí òfin kan, ó fẹ́ tẹ̀ lé e. Ọmọ tó há a sórí lè máà tíì ronú kan nǹkan kan. Fi ìyẹn sọ́kàn kí o tó bínú.

Èkẹta. Má ṣe jẹ́ kí ohun tí o kò mọ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ. Àwọn ẹgbẹ́ wa tí ń da ìkòkò fẹ́ fi mí ṣe alága. Gbogbo wọn fẹnu kò sí mi, torí ta ni wọn ì bá tún fi ṣe é? Ẹnì kan wá ṣèèṣì sọ pé, "Alájì, ẹ̀yin ni ẹ ó máa bá àwọn ará Àgódi sọ̀rọ̀ fún wa." Bí mo ṣe gbọ́ Àgódi, ọ́fíìsì ìjọba, mo ní ọwọ́ mi dí. Mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé: ọwọ́ mi dí. Ọwọ́ mi ò dí. "Went" ló dí mi lọ́nà. Wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe é, ọ̀lẹ paraku. Nígbà tó yá, ọ̀ràn ilẹ̀ gbé èmi náà dé Àgódi. Mo wọ ọ́fíìsì tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, mo ti di "Good morning" sẹ́nu bí omi gbígbóná. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó, sà. Ṣé ilé ò dárú o?" Ọmọ Yemẹtu! Ìkòkò mi ni ìyá rẹ̀ fi ń sebẹ̀! Mo jókòó, mo fi Yorùbá ro ẹjọ́ ilẹ̀ mi tán. Nítorí náà, ohun tí kò bá yé ọ níbi iṣẹ́ tuntun yìí, béèrè lọ́jọ́ kan náà. Abèèrè kì í ṣìnà. Bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rín in tán, kí o tún un béèrè.

Àwọn kéékèèké tó kù, n kò ní kà wọ́n mọ́, iye wọn ò yé mi. Máa kọ́kọ́ kí ẹni tó ń gbálẹ̀ iléèwé kí o tó kí ẹni tó ni ín; ẹni tó ń gbálẹ̀ ló máa ń mọ ìgbà tí inú ọ̀gá kò dùn. Má fi ebi wọ kíláàsì. Má bá àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń bọ̀ wá kí ọ, n kò ní kó má wá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irú èyí tí ń tún gẹ̀ẹ́sì ìyá rẹ̀ ṣe níwájú àlejò, má fẹ́ ẹ. Mo ti sọ tèmi.

Ó kan pàṣán.

Nígbà tí o lọ tán, ìyá rẹ fẹ́ gbà á kó máa fi lé ewúrẹ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lọ sídìí ìléru. Mo fẹ́ jó o. Mo ti nà án síwájú iná, èéfín ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí mo rántí pé ohun ìní iléèwé ni. Wọ́n á bi ọ́. Ọmọ tuntun ni ọ́ níbẹ̀, bí o bá dé lọ́jọ́ kìíní tí o ń ko ọ̀gá rẹ lójú, wọ́n á ní kí o máa lọ, ẹlòmíràn á sì gba pàṣán náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo fà á yọ nínú iná.

Mo pe Àwáwù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo ní kó na ìka tó fi ń tọ́ka sí nǹkan, mo tẹ̀ ẹ́ sínú yanrìn mọ́ọ̀dù.

Ó ní, "Bàbá àgbà, yanrìn yín tutù o! Kí lẹ fẹ́ fi ìka mi ṣe?"

Mo ní, "Mo fẹ́ rán an níléèwé."

Ó wo ìka náà, ó wò mí. "Ṣé èmi náà máa bá a lọ?"

Nígbà tó yọ ọwọ́, mo da irin sí ojú ìka náà. Èyí tí mo kọ́kọ́ dà lu ihò. N kò na ìka náà o. Mo tún un yọ́, mo tún un dà. Èyí tó jáde lẹ́yìn ìyẹn, Àdùkẹ́, o máa rí èékánná rẹ̀. Mo gbẹ́ ìdí rẹ̀, mo fi orí pàṣán bọ̀ ọ́ nínú, mo há a mọ́ ọn, kò lè yọ láéláé. Òun ni ẹni tó mú ìwé yìí wá ń gbé dání yẹn, tó fi aṣọ wé. Bí ọ̀gá iléèwé yín bá ní kí gbogbo tíṣà mú pàṣán wọn dání, mú tìrẹ dání. Fi ìka yẹn tọ́ka sí ọ̀rọ̀ lára ìwé gbàǹgbà: "go", "went", "gone". Ohun tó wà fún nìyẹn báyìí. Ẹni tó bá lè gbé ìka ọmọdé sókè fi na ọmọdé, kì í ṣe inú ilé mi ni wọ́n ti tọ́ ọ.

Ọ̀kan kù. Bí o bá ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ ìsinmi, mú ìwé gbàǹgbà yẹn dání. Mo fẹ́ há a sórí. N kò bínú sí i mọ́, nígbà tí mo ti mọ̀ pé aláìlófin ni. A kì í bi wèrè pé kí ló dé tó fi gba ọ̀nà ibí. Ìwọ ni kí o jókòó sórí àga mi, èmi á jókòó sórí ẹní. Bí mo bá ṣì í, kí o má rẹ́rìn-ín. Ṣáà tún un pè fún mi bíi ti àwọn ìyá òyìnbó yẹn, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Ó yá, kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Má sọ pé ilẹ̀ yàrá rẹ ò tíì ní kápẹ́ẹ̀tì.

Ọlọ́run Ọba tó fi iná fún irin, tó fi ọ̀rọ̀ fún ènìyàn, yóò la ọ́ lẹ́nu, yóò la àwọn ọmọ tí wọ́n fà lé ọ lọ́wọ́ létí. O ò ní rí ìjà ọ̀gá, o ò ní rí ẹ̀gàn ẹgbẹ́. Iṣẹ́ yìí kò ní sán mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọmọ tí o bá kọ́ kò ní jókòó sí àtẹ̀gùn kankan tìtorí rẹ. Níbi tí orúkọ mi ti di ẹ̀sín, ibẹ̀ ni orúkọ tìrẹ yóò ti di iyì. Ìka rẹ yóò máa tọ́ka sí ire, ire yóò sì máa dá ọ lóhùn. Bí mo ṣe la ẹnu lọ́jọ́ Àìkú tí kò dún, Ọlọ́run ti gbọ́ ọ láti ọjọ́ náà. Mo kàn ń tún un sọ ni. Àmín, àmín, àmín.

Dìde. Nu ojú rẹ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ọmọ kan á dìde, á yọ àyà síta, á sì ké e pé "goed". Má tíì tún un pè fún un. Kọ́kọ́ béèrè orúkọ rẹ̀, kí o pè é ní orúkọ náà lójú gbogbo kíláàsì. Lẹ́yìn náà kí o sọ fún un pé bàbá kan wà ní Bẹyẹrúnkà tó ní kí o bá òun kí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Súlè Àlàó, tí ìkòkò rẹ̀ kì í jò.